ÀPÓTÍ TÍ Ń JÍ MỌ́TÒ: Ìtàn Àwọn Oníná Ilé-iṣẹ́ Aṣọ ní Kàdúná

Nígbà tí àwọn tí ń ṣètò ìwé ìrántí yìí wá bá mi pé kí n kọ ìtàn díẹ̀ sí i, mo rò pé ìtàn bí àwọn ènìyàn wa ṣe dé Kàdúná ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n ní rárá o, àwọn tí ó mọ ìyẹn jù mí lọ ti ń kọ ọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi ṣe fún ogójì ọdún ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Inú mi dùn sí i, nítorí pé nígbàkigbà tí a bá ń ka àwọn tí wọ́n sọ wá di ènìyàn ní ìlú yìí, oníṣòwò ni à ń dárúkọ, àti olùkọ́, àti akọ̀wé ìjọba, àti òṣìṣẹ́ rélùwéè. Oníná tí ó dúró ti ẹ̀rọ ní òru, tí gíríìsì kún gbogbo aṣọ rẹ̀, kò sí ẹni tí ń rántí rẹ̀ àfi ìgbà tí iná bá lọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé pé kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ sí Èkó ni mo ń pè ní mọ́tò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mọ́tò ti àwa oníná ni irin róbótó kan tí wáyà bàbà wà nínú rẹ̀. Bí iná mànàmáná bá wọ inú rẹ̀, irin àárín rẹ̀ yóò máa yí, yóò sì máa yí ẹ̀rọ tí a bá so mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tí ń rànwú, ẹ̀rọ tí ń hunṣọ, ẹ̀rọ tí ń fa omi, ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo, mọ́tò ni ó wà nídìí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n a kì í so wáyà iná mọ́ mọ́tò ńlá gbangba bí ẹni so gílóòbù. Àpótí kan máa ń wà láàárín iná àti mọ́tò, tí ó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan àti pupa kan lára. Sítátà ni a ń pè é. Ìtàn àpótí yìí ni mo fẹ́ sọ, àti ti àwọn tí wọ́n fi wáyà sí i. Ohun tí ọ̀gá mi fi kọ́ mi láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni pé kò sí ohun kan nínú àpótí náà tí wọ́n ṣàdédé fi síbẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ní jàǹbá tí ó bí i.

Ní ayé àtijọ́ ní Ìlú Ọba, kò sí mọ́tò ní ilé-iṣẹ́ aṣọ. Ẹ́ńjìnnì kan tí ooru omi ń tì ni ó ń yí ọ̀pá irin gígùn kan ní òkè àjà, bẹ́líìtì aláwọ sì ń ti ara ọ̀pá náà sọ̀ kalẹ̀ wá yí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwọn ahunṣọ wa ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìlọrin mọ̀ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ahunṣọ ni agbára òfì. Bí òwú bá já, ó dúró, ó so ó, ó sì tẹ̀síwájú. Ẹ́ńjìnnì Ìlú Ọba kò mọ ẹni tí òwú rẹ̀ já, kò sì mọ ẹni tí bẹ́líìtì gbá láṣọ mú. Ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọdé ni ó ṣe léṣe kí iná mànàmáná tó dé.

Ní ọdún 1888 ni Nikola Tesla gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún mọ́tò tí ń lo irú iná tí à ń lò nílé lónìí. Ní ọdún 1889, Mikhail Dolivo-Dobrovolsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ AEG ní Jámánì, ṣe èyí tí ń lo fésì mẹ́ta. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ó lè bàjẹ́ nínú mọ́tò yìí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni gbogbo mọ́tò tí mo fọwọ́ kàn ní Kàdúná. Òun ni ó jẹ́ kí ó rọrùn fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láti ní mọ́tò tirẹ̀, kí a sì lè dá ọ̀kan dúró láìdí ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n mọ́tò tí ó dúró jẹ́ẹ́ kì í jí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wo aláàárù nínú ọjà. Gbígbé àpò iṣu láti ilẹ̀ dé orí ni iṣẹ́, ibẹ̀ ni iṣan ọrùn rẹ̀ ti ń yọ. Bí ẹrù bá ti gúnlẹ̀ sí orí tán, yóò máa rìn lọ, yóò tilẹ̀ máa kọrin. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò rí. Iná tí ó ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ó fi ń dìde lè tó ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́jọ èyí tí yóò máa gbà nígbà tí ó bá ń sáré. Bí mọ́tò ńlá bá jí báyìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo gílóòbù ilé á rẹ̀ wálẹ̀, fíúsì á jó, bẹ́líìtì á já.

Nítorí náà, àwọn àgbà iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣe ohun kan bí ọwọ́ aago sára pátákó. Òṣìṣẹ́ á máa fi ọwọ́ tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti orí ìdè bàbà kan dé orí èkejì, bí ó sì ti ń tì í ni wáyà tí ń dí iná lọ́nà ń dín kù. Ní ọdún 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, Lynde Bradley, fi àwo èédú tí a ń tẹ̀ mọ́ra ṣe irú ohun bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1903, òun àti Dókítà Stanton Allen dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, èyí tí ó di Allen-Bradley, tí orúkọ rẹ̀ wà lára sítátà káàkiri ayé.

Ohun tí ó jọ mí lójú jù lọ lára ọwọ́ aago yẹn ni òòfà kékeré kan tí ń dì í mú ní ìparí ìrìn rẹ̀, àti sípíríìnì tí ń fà á padà. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, òòfà á di ọwọ́ náà mú. Bí iná bá lọ, òòfà á kú, sípíríìnì á sì fa ọwọ́ padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá tún dé, mọ́tò kò ní dìde fúnra rẹ̀, àfi bí ènìyàn bá wá jí i. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí iná bá lọ, ọmọ ènìyàn a máa ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láti yọ ohun tí ó há. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kọ́ńtákítọ̀ dé. Òòfà náà ni, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pa ẹnu wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé mọ́ra. Wáyà wẹ́wẹ́ tí a ká jọ, tí à ń pè ní kọ́ìlì, ni ó ń sọ irin rẹ̀ di òòfà. Ènìyàn lè wà ní òkèèrè kí ó fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì, kí mọ́tò tí ó tóbi ju àgbá epo lọ sì dìde. Báwo ni ó ṣe ń dúró nígbà tí ìka bá ti kúrò? Ọ̀gá mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí: “Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ni ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún ọ. Bí o bá ti wọlé, o fi ẹsẹ̀ ara rẹ há ilẹ̀kùn kí ó má baà padé. Bọ́tìnnì pupa ni ẹni tí ó gbá ẹsẹ̀ rẹ kúrò.” Ẹsẹ̀ tí ó ń wí yẹn ni ẹnu kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ́ńtákítọ̀, tí iná kọ́ìlì ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí iná bá lọ, ẹsẹ̀ á yẹ̀, ilẹ̀kùn á padé, ó di kí ẹnìkan tún wá ṣí i.

Ní abẹ́ kọ́ńtákítọ̀ ni ofalóòdù wà. Irin oríṣi méjì tí a lẹ̀ pọ̀ ni, tí ọ̀kan ń gùn ju èkejì lọ bí ó bá gbóná. Bí mọ́tò bá ń gba iná ju èyí tí a kọ sí ara rẹ̀ lọ, irin náà á tẹ̀, á sì já iná kọ́ìlì. Fíúsì ń dáàbò bo wáyà. Ofalóòdù ń dáàbò bo mọ́tò. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò tíì di oníná.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Nǹkan bí ọdún 1917 ni ìjọba òyìnbó gbé olú-ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá sí Kàdúná, lẹ́bàá ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Kano. Ojú irin yìí ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá. Iná ìjọba dé ìlú ní ọdún 1929. Ohun tí ó sọ Kàdúná di ìlú ẹ̀rọ ni Kaduna Textiles Limited, tí gbogbo wa ń pè ní KTL, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957. Ilé-iṣẹ́ David Whitehead láti Lancashire ni ó bá àjọ ìdàgbàsókè ìjọba Àríwá dá a sílẹ̀, kí òwú tí à ń gbìn ní ìhà Sàríà àti Katsina má baà máa rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba kí ó tó padà di aṣọ fún wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣòwò láti Jàpáàn lọ́wọ́ nínú dídá Arewa Textiles sílẹ̀, ní ọdún 1964 sì ni ìdílé Cha láti Hong Kong dá United Nigerian Textiles sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní UNTL. Òdìkejì odò, ní Kakuri àti agbègbè rẹ̀, ni wọ́n wà. Bí ṣíìfù bá jáde ní ìrọ̀lẹ́ nígbà náà, kẹ̀kẹ́ a máa kún ojú ọ̀nà bí eéṣú.

Ìlú tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti wá ni sítátà rẹ̀ ti ń wá. Òyìnbó kó tirẹ̀ wá, ará Jàpáàn kó tirẹ̀ wá. Níbi kan, àmì kọ́ìlì nínú àwòrán jẹ́ róbótó. Níbòmíràn, onígun mẹ́rin ni. Oníná tí ó bá fẹ́ jẹun káàkiri Kakuri gbọ́dọ̀ lè ka gbogbo rẹ̀. Mo mọ àwọn ènìyàn wa tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ, tí wọn kò sì lè kọ lẹ́tà sílé láìbẹ akọ̀wé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ́ àwòrán sítátà síwájú wọn, wọ́n á fi ìka tẹ̀ lé wáyà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á sì sọ ibi tí àṣìṣe wà fún ẹ.

Ọdún 1972 ni mo dé Kàdúná, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ọdún náà gan-an ni ìjọba da ECN àti àjọ Niger Dams pọ̀ di NEPA. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́, ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta kí ó tó gòkè wá. Odindi ọdún kan ni mo fi di àkàbà mú, tí mo ń nu ẹnu kọ́ńtákítọ̀, tí mo sì ń gbé àpò súpáànà. Ní alẹ́, ọ̀gá mi a gbé pátákó kan sílẹ̀ ní iyàrá: kọ́ńtákítọ̀ kan, bọ́tìnnì méjì, ofalóòdù kan, àti gílóòbù ní ipò mọ́tò. A ní kí n fi wáyà sí i. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, tí gílóòbù tàn, tí ó sì kú bí mo ti mú ìka kúrò, á jẹ́ pé mo gbàgbé ẹsẹ̀ tí ń há ilẹ̀kùn nìyẹn. A já gbogbo rẹ̀, a ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe Trade Test lẹ́yìn èyí, ohun tí wọ́n gbé síwájú mi kò ju pátákó ọ̀gá mi lọ, ẹ̀rù kò sì bà mí.

Bí a bá fẹ́ gbé sítátà kọ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, ibi tí a ó gbé e sí ni à ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tí ó dúró ti bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kí ó má baà jí i lórí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀tá wa kejì ni ìgbọ̀n òwú. Ẹ kò lè mọ bí ó ti kéré tó àfi bí ẹ bá ti ṣí àpótí tí a kò fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀: òwú á ti kún inú rẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ, ẹ̀ṣẹ́ná kan láti ẹnu kọ́ńtákítọ̀ sì tó láti dáná sun ún. Nítorí náà, a ń fi páìpù irin gba wáyà, a sì ń dí gbogbo ihò. Wáyà pupa, òféèfèé àti búlúù ni fésì, dúdú ni níútírà, àwọ̀ ewé ni áàtì. Ọ̀gá mi kì í dárí ji ẹni tí ó bá fi áàtì sílẹ̀ di ọ̀la. Wáyà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ní ẹnu méjèèjì, kí ẹni tí yóò tún un ṣe ní ogún ọdún sí i má baà máa ṣépè fún wa.

Bí a bá so ó tán, a kì í fi iná sí i. A ó kọ́kọ́ fi mẹ́gà, ẹ̀rọ kékeré tí à ń yí lọ́wọ́, wò ó bóyá iná ń jò láti ara wáyà sí ara irin. Lẹ́yìn náà ni a ó yọ mọ́tò sẹ́yìn, kí a tẹ bọ́tìnnì, kí a gbọ́ bí kọ́ńtákítọ̀ ṣe ń dún: “gbà!” ni ó yẹ kí ó dún, lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dákẹ́. Bí ó bá ń kùn bí oyin, ìdọ̀tí wà láàárín irin rẹ̀ tàbí iná kò tó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni a ó so mọ́tò mọ́ ọn, kí a fi ọwọ́ kàn án fìrí láti mọ ìhà tí ó ń yí sí. Bí ó bá ń yí sẹ́yìn, a ó pàrọ̀ fésì méjì.

Àgbà sítátà ni sítáà-délítà, tí a fi ń jí mọ́tò ńlá. Kọ́ńtákítọ̀ mẹ́ta ni ó ní, pẹ̀lú táímà kan, wáyà mẹ́fà sì ni ó ń lọ sínú mọ́tò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a so ẹnu mẹ́ta pọ̀ sójú kan bí ìràwọ̀. Dípò fóltì 415, nǹkan bí 240 ni wáyà inú mọ́tò kọ̀ọ̀kan ń rí, iná tí mọ́tò ń fà sì ń wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Agbára tí ó fi ń yí náà ń wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tí àwọn kan máa ń gbàgbé, tí wọ́n fi ń di ẹrù lé ẹ̀rọ kí ó tó jí, tí wọ́n sì ń bínú pé kò dìde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, táímà á tú ìràwọ̀ náà ká, á sì so wọ́n ní onígun mẹ́ta kí mọ́tò lè gba agbára rẹ̀ pé. Bí kọ́ńtákítọ̀ ti ìràwọ̀ àti ti onígun mẹ́ta bá pàdé ní àkókò kan náà, fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fara kan ara wọn nìyẹn, ìbúgbàù rẹ̀ sì lè gbé ilẹ̀kùn àpótí fò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mú kí iná kọ́ìlì ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ èkejì kọjá, kí ọ̀kan má lè wọlé tí èkejì kò bá tíì jáde. Ọ̀gá mi ní ìyàwó méjì, ó sì mọ ohun tí ó ń wí nígbà tí ó sọ pé àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ìparí ọdún 1968 ni ìsédò Kainji ti bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná, gbogbo wa sì rò pé ìṣòro iná ti tán. Ẹ mọ èyí tí ó kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná tí ó lọ pátápátá ni ó pa mọ́tò wa jù, fésì kan ṣoṣo tí ó bá yọ́ lọ ni. Bí fésì kan bá lọ nínú mẹ́ta nígbà tí mọ́tò ń sáré, kò ní dúró. Yóò máa kérora, méjì tó kù yóò sì máa ru ẹrù mẹ́ta títí wọn yóò fi jó. Ẹni tí ń tún wáyà mọ́tò ká lè ṣí i kí ó wo àwọ̀ rẹ̀ kí ó sì sọ ohun tí ó pa á. Bí mọ́tò onísítáà bá jó báyìí, ìdì wáyà méjì á dúdú, ọ̀kan á mọ́; bí ó bá jẹ́ ti onígun mẹ́ta, ọ̀kan á dúdú, méjì á mọ́. Lára àwọn sítátà àtijọ́, ofalóòdù ní irin títẹ̀ méjì péré, nítorí wọ́n rò pé méjì tó láti ṣọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mọ́tò jó tó láyé, wọ́n fi ẹ̀kẹta sí i, wọ́n tún wá fi ọ̀pá kékeré kan sí i tí ń mọ̀ bí ọ̀kan kò bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn. Ẹ rí i pé òtítọ́ ni ọ̀gá mi sọ.

Mo wá dé ibi tí ó nira fún mi láti kọ. Láti ọdún 1982 ni owó epo ti wálẹ̀, tí ìjọba sì fún ọ̀rọ̀ kíkó ọjà wọ̀lú mọ́. Láìsí lísẹ́ńsì, ilé-iṣẹ́ kò lè kó kọ́ìlì kan wọlé. Nígbà tí náírà tún já wálẹ̀ ní ọdún 1986, ohun tí à ń rà ní náírà méjì di ohun tí à ń ṣe ìpàdé lé lórí. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. A fi wáyà bàbà ṣe fíúsì. A ká kọ́ìlì fúnra wa. A fo ofalóòdù tí ó bàjẹ́ kọjá.

Ní ọdún 1984, ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, kọ́ìlì sítátà ẹ̀rọ tí ń ya òwú jó ní òru. Kò sí òmíràn ní ilé ìkó-nǹkan-sí. Fóòmàn ní kí iṣẹ́ má dúró. Èmi ni mo gé igi kékeré kan, tí mo fi há irin kọ́ńtákítọ̀ náà kí ó lè padé, mo sì ní kí wọ́n máa fi síwíìṣì ńlá ara ògiri jí i kí wọ́n sì máa fi í pa á. Mo sọ fún àwọn tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣíìfù yí, mo lọ sùn. N kò kọ ọ́ sí ìwé, n kò sì so páálí kankan mọ́ ọn.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, iná lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú ẹ̀rọ náà rí òwú tí ó ti wé mọ́ ara irin tí ń yí. Ó ṣe ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò mọ̀ pé igi wà nínú àpótí. Nígbà tí àwọn tí ó wà níta kígbe pé “An kawo wuta!”, tí inú gbogbo ènìyàn ń dùn pé iná ti dé, ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan ni ó dìde fúnra rẹ̀ ní gbogbo ilé náà. Ìka mẹ́ta ni ó lọ, ní ọwọ́ ọ̀tún.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù. Mo sọ fún un pé èmi ni. Ó wò mí títí, ó wá bi mí pé ṣé wọ́n ti rí kọ́ìlì rà. Wọ́n ti rí i. Wọ́n rí i rà ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé àgádágodo kékeré kan sínú àpò. Sítátà yòówù tí mo bá ṣí, mo á ti síwíìṣì rẹ̀ pa, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ mi títí n ó fi parí. Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Àgádágodo, orúkọ náà sì ti mọ́ mi lára.

Ohun tí ó kù kò gùn. Ní ọdún 2002 ni KTL ti ìlẹ̀kùn. Ní ọdún 2007 ni UNTL ti tirẹ̀, wọ́n sì tún ṣí apá kan rẹ̀ ní ọdún 2010. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú yìí mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún Kakuri, fún owó ilé, fún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Èmi fi ojú mi rí i bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ kó pánẹ́ẹ̀lì jáde láti ilé-iṣẹ́ tí ó ti kú. Àwọn tí ń ra irin ń fi òòlù fọ́ ọ, wọ́n ń yọ bàbà sọ́tọ̀, àwọn tí wọ́n sì mọ̀ pé fàdákà wà ní ẹnu kọ́ńtákítọ̀ ń ṣa á sínú ike. Àwòrán wáyà, èyí tí ó ti wà nínú ilẹ̀kùn àpótí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́, ni wọ́n fi ń di àkàrà ní ìta. Mo ra sítátà kan lọ́wọ́ wọn ní iye tí wọ́n ń ta irin.

Àwọn oníná kò tíì tán. Wọ́n ń so ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù, ẹ̀rọ ìrẹsì. Àpótí tí àwọn ọmọ ń gbé kọ́ nísinsìnyí kò ní kọ́ńtákítọ̀ bí tiwa. VFD ni wọ́n ń pè é, ó sì lè jí mọ́tò láti orí òfo dé òkè láìsí pé gílóòbù kan rẹ̀ wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Danfoss ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ni ó kọ́kọ́ ń ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu fún títà ní ọdún 1968, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun àrà ni, n kò sì ní bú u nítorí pé mo ti dàgbà. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ pè mí sí ilé ẹ̀rọ ìrẹsì kan pé kí n wá wo iṣẹ́ òun. Wáyà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ní kí ó pa iná láti ìta, kí ó sì tún dá a padà. Ẹ̀rọ náà dìde fúnra rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀ tí òun tẹ̀ kí ó lè máa jí bí iná bá dé, nítorí pé báyìí ni òun ṣe ti ẹ̀rọ omi, ó sì dára níbẹ̀. Mo ní lóòótọ́, kò sí ẹni tí ń ki ọwọ́ bọ inú kànga. Mo wá sọ ìtàn igi fún un. Ó yí nọ́ńbà náà padà kí a tó kúrò níbẹ̀.

Wọ́n sọ fún mi pé owó tí a bá rí lónìí ni a ó fi parí gbọ̀ngàn wa, àti pé yàrá kan yóò wà níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Sítátà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn onírin ṣì wà nílé mi. Mo ti nù ún, mo ti fi kọ́ìlì tuntun sí i, mo sì ti kàn án mọ́ pátákó pẹ̀lú gílóòbù ní ipò mọ́tò, bí ọ̀gá mi ti máa ń ṣe. Bí wọ́n bá ti fi páànù bo yàrá yẹn, n ó gbé e wá. Ẹ̀yin àgbà oníná tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ pé ìwé tí ẹ ya àwòrán wáyà sí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ bá mi kó o wá kí eku tó jẹ ẹ́.